Ibi tí Dádì ò ní bá wa dé

Súrùlérè, Sátidé, oṣù kọkànlá, 1992



Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi, ọkọ àǹtí mi, tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Láti Dàkà ni gbogbo wa yóò ti wọkọ̀, a ó gba etí òkun inú aṣálẹ̀ lọ, a ó máa sùn nínú àgọ́, òun yóò sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi pákó gun ìgbì. Èmi àti Àǹtí ti ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ gùn ún.

Dádì fi báírò tọ́ka sí ìlú kan. "Tó bá ku díẹ̀ kẹ́ ẹ débí, ẹ já mi sílẹ̀."

"Kí ló dé, sà?" Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi bi í.

"Òbí kì í dé ojú oórì ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n mi Délé ló ń wí. Aṣálẹ̀ yẹn ló gbà lọ sí Sípéènì. Wọ́n ní ó ti débẹ̀, pé iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó máa kọ̀wé. Àǹtí ò wojú mi. Ó mọ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kọ lẹ́tà Kérésì sí Délé. Dádì ló ń bá mi mú un lọ sí póòsì ní Yaba.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n bá òun kí i.