Èsúsú Tó Jẹ́ Aláìsàn Nìkan Ló Ń Kó O

Ràzíátù Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Kumasi níbẹ̀, ìwọ àti gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbélé ní Dichemso. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí nọ́ọ̀sì kì í ráyè ṣàìsàn. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bí, ó bí méjì, akọ kan, abo kan, akọ náà sì ti jẹ etí fìlà mi tí mo sá sórí okùn. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, àgbàdo ti ń yọmọ. Mo sọ gbogbo èyí kí o má baà ní n kò kí ọ kí n tó dórí ọ̀rọ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ dírẹ́bà. O ní kókó tó yọ sí mi nísàlẹ̀ ikùn yìí, hẹ́níà ni, àti pé bí ìfun bá lọ há sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó lè pa mí, kí n yáa jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní ọsibítù ìlú wa níbí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìnṣọ́ránsì ìlera ìlú ló máa sanwó rẹ̀. O tún ní tó bá jẹ́ ẹ̀rù abẹ ló ń bà mí, dókítà kan wà ní Ayigya lẹ́bàá yunifásítì, tó máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan mú èèyàn wọ oorun, tí ẹ̀rù á sì kúrò lọ́kàn onítọ̀hún. Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń bà mí? Ìyá rẹ ni. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu obìnrin yẹn kó tó jábọ́. Èmi kàn sọ pé n ó rò ó wò ni, ọdún kejì nìyí tí mo sì ti ń rò ó, torí ọ̀rọ̀ ńlá kì í ṣe ohun tí à ń kánjú rò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dókítà yẹn wọ̀ mí létí. Mo ní bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá lè mú odindi èmi Làmídì sùn, kí ló dé tí dókítà náà kò kúkú ní bá kókó yìí fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó padà síbi tó ti wá? Ó máa ń padà náà bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ohun tó ń gbọ́ tọwọ́ kò ní ṣàì gbọ́ tẹnu. Abẹ kò sì ní pọn dandan mọ́. Mo wá lọ bi àwọn onínṣọ́ránsì bóyá wọn yóò san owó dókítà ọlọ́rọ̀ yìí, kó má di pé ìwọ ni wàá san án.

Georgina ló wà ní ọ́fíìsì wọn, ọmọ Asante kan tó ní sùúrù. Ó ní kí n mú káàdì mi wá. Mo ṣí bùbá, mo fi í hàn án lọ́rùn mi. Ó ní kí lèyí. Mo ní káàdì ni. Ṣé o rántí pé ọjọ́ tí wọ́n pín káàdì náà, wọ́n ní òun ló máa gbà wá lọ́jọ́ àìsàn, pé kí a tọ́jú rẹ̀, kí omi má kàn án. Mo gbé e lọ bá aláwọ tó máa ń bá wa rán tírà, ó rán an sínú awọ pupa, ó sì dára lójú. Láti ìgbà náà n kò ṣàìsàn kan, yàtọ̀ sí ikọ́ díẹ̀ àti ti kókó yìí tó ti wà tẹ́lẹ̀, èyí tó fi hàn pé káàdì náà ń ṣiṣẹ́. Georgina ní àfi kí òun tú u kí òun tó lè rí nọ́ńbà rẹ̀. Mo ní ta ló ń tú tírà tó ti ń jẹ́? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá mú bíléèdì, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀. Èmi yíjú sí ògiri nígbà tó ń tú u lọ.

Ó ṣí ìwé wọn, ó ní ìnṣọ́ránsì ń sanwó fún ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù, ó ń sanwó iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n dókítà tó ń fi ọ̀rọ̀ mú èèyàn sùn kò sí níbẹ̀, Ayigya pàápàá kò sí níbẹ̀, ọsibítù tiwa yìí nìkan ni. Mo ní kò burú, kó kúkú jẹ́ kí n kó èsúsú mi. Ó ní èsúsú wo? Mo ní ọdún kejì nìyí tí mo ti ń dá owó yìí fún èmi àti ìyá rẹ, kò sì sí ẹni tó kó nǹkan kan nínú wa, ó yẹ kó ti kàn wá. Ó ní, “Papa, ɛnyɛ susu,” pé kì í ṣe èsúsú rárá, pé ẹni tó bá ṣàìsàn nìkan ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ràzíátù, o mọ̀ pé èmi ni olórí èsúsú àwa ará Ìlọrin nílùú yìí láti ìgbà tí o kò tíì hu eyín. Èsúsú wo là ń dá tí èèyàn ní láti ṣàìsàn kó tó kó o? Bí mo bá sọ fún ẹgbẹ́ pé ẹni tí orí ń fọ́ ni yóò kó tọ̀sẹ̀ yìí, ṣé wọn ò ní ní orí èmi gan-an ló dàrú? Georgina ní tèmi kúkú ti kàn mí, abẹ yẹn ni kíkó tèmi, ìgbà tó bá wù mí ni kí n wá kó o. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

Mo délé, mo bá Kwaku ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ń tún lọ́rí ṣe ní Suame Magazine, ọgbà àwọn fítà ní Kumasi níbẹ̀, ó wá sílé fún ìsìnkú. Mo ro ọ̀rọ̀ dókítà náà fún un kó lè gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó ní bí lọ́rí bá ń jo ọ́ìlì tí òun jókòó tì í tí òun ń bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó ni ín yóò gbé e lọ fún fítà mìíràn ni. Ó ní dírẹ́bà tí ẹ̀rù ń bà ni dókítà yẹn ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọkọ̀. Ìyá rẹ gbọ́ nídìí ààrò, ó ní òun ti ń wí bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, bí a ṣe tẹ̀ ba lórí ìrun, kókó náà yọ, kò sì padà. Mo dùbúlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó le gbagidi, ó ń ro mí, mo sì ń bì. Ó di lẹ́yìn ìrun Alásárì kó tó wọlé. Mo sọ fún ìyá rẹ pé oòrùn ló mú mi. Lánàá ni mo padà lọ bá Georgina, mo ní kó bá mi kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún abẹ náà ní Àlàrùba ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ó fún mi ní àga.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ṣúgà ti tán, ọṣẹ ti tán, kẹrosíìnì kò ju ìsàlẹ̀ gálọ́ọ̀nù lọ, ìyá rẹ sì ní kí o má gbàgbé òun. Ohun tí o bá rí, a ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí owó náà kò bá tó nǹkan, má fi í rán dírẹ́bà, fi í wọkọ̀ wá. Mo bi Georgina bóyá ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lè dúró tì mí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ó ní wọn kì í gbowó fún ìyẹn. Lọ bá dókítà Ayigya yẹn, kó sọ ohun tó máa ń wí fún àwọn èèyàn fún ọ, kí o wá wí i sí mi létí. Bí kò bá sì sọ fún ọ, ìròyìn Kumasi náà tó, ṣáà máa sọ̀rọ̀ kí n máa gbọ́ ohùn rẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, n kò gbé e fún tíṣà tó máa ń bá mi kọ ọ́, kó má baà rí ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí, Àbẹ̀kẹ́.

Bí ìyá rẹ bá béèrè, sọ pé ìsinmi lo gbà. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní takú lọ́nà. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò dúró tì ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ń ba ìwọ náà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làmídì