Ebè Tí Mo Kọ Sórí Sóyà Àbúrò Rẹ

Àdúràọlá ọmọ mi,

Okun o. Ṣé ara le ní Àbújá? Ṣé ọkọ rẹ àti Virtue ọmọ rẹ wà dáadáa? Ọlọ́run tó fi ọ́ fún wa kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí kò dára nípa rẹ. Àwa náà wà ní Ìkòyí tiwa lẹ́bàá Kàbà níbí, bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n èmi, ohun tí ojú mi rí lóṣù yìí, àyà mi ṣì ń já.

Àbúrò rẹ Ọlọ́runṣọlá gbé ẹ̀rọ kan dé láti Kàbà, ó ní ẹ̀rọ ìgbìn sóyà ni. Ẹ̀rọ náà ní kẹ̀kẹ́ níwájú, ó ní lẹ́yìn, kò sì ní ìjókòó, ẹni tó ni ín ló máa tì í. Ó ní òun á fi gbin oko bàbá rẹ láìkọ ebè rárá. Mo pariwo! Oko kan ṣoṣo tí à ń jẹ! Ó ti fín oògùn sí i, koríko ti kú, mo ní kó kó o kúrò, ó ní kó sùn síbẹ̀, pé aṣọ ilẹ̀ ni.

Nígbà tó ń to ẹ̀rọ náà lóko, òyìnbó kan wà nínú fóònù rẹ̀ tó ń kọ́ ọ. Mo yára tún gèlè mi wé, mo kí òyìnbó náà, mo béèrè ìyàwó àti ọmọ. Kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń sọ lọ. Wọn ò kọ́ ọ nílé. Àbúrò rẹ ti ẹ̀rọ síwájú, irin ẹnu rẹ̀ la òkú koríko, hóró sóyà jábọ́ sínú ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ló bá kúnlẹ̀, ó fi ìka hú hóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ní ó jìn jù, ó yí nọ́ọ̀tì, ó tún tì í, ó tún hú u. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo sáré lọ pe Pásítọ̀ Hezekiah pé ọmọ mi ń gbìn, ó sì ń hú. Pásítọ̀ dé, ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà òun náà bá a ti ẹ̀rọ!

Nígbà tí àbúrò rẹ lọ sí Ìsánlú lọ́jọ́ kejì, mo mú ọkọ́, mo kọ ebè mẹ́rìnlá sórí ibi tó ti gbìn, mo ní kí n bá a gba díẹ̀ là. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, sóyà hù, ó tò gbọọrọ láàárín òkú koríko. Orí ebè mi nìkan ni nǹkan kan kò ti hù. Àbúrò rẹ rí i, ó ní Benjamin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ló wá kọ ebè síbẹ̀ láti gba ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ dé ilé baálẹ̀. Benjamin di Bíbélì mú, ó fẹ́ búra. Ara mi kò gbà á, mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni.

Bàbá rẹ wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Àbúrò rẹ dọ̀bálẹ̀ bẹ Benjamin, nígbà tí a délé ó ní kí n wá fọwọ́ ara mi tún ibẹ̀ gbìn. Ó tú ebè ká, ó gbé ẹ̀rọ fún mi. Àdúràọlá, kò wúwo! Oòrùn kò tíì mú tí mo fi ṣe é tán. Ogójì ọdún ni mo fi tẹ̀ba lórí ọkọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀nà míì wà.

Jọ̀wọ́ fi owó irúgbìn díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ gbin tèmi sẹ́yìnkùlé. Fi rán Cecilia ọ̀rẹ́ rẹ tó bá ń bọ̀ wálé, ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní báńkì Kàbà kò tíì mọ̀ mí dáadáa.

Ilé rẹ á tòrò, ọmọ rẹ á yè. Ìrọ̀rùn tó pẹ́ kó tó kàn mí, yóò tètè kàn ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọmọ́yẹlé