Àwọn Kwano Mi Ló Dí Wáìfáì Lọ́nà

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Mo ti rí ọmọ-ọmọ mi! Ó ń yán bí àgbàlagbà, iwájú orí mi ló sì gbé wáyé.

Láti ìgbà tí Títí ti bímọ sí ìlú òyìnbó, ojú ọmọ máa ń dá dúró gbagidi nínú fídíò ni. Wáìfáì ọ̀fẹ́ tí Wòlíì gbé sí ṣọ́ọ̀ṣì fún gbogbo àdúgbò kò kàn wọ yàrá mi, bẹ́ẹ̀ òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀ṣì wà. Mo gbé fóònù gun àga. Mo tiẹ̀ wọ́n omi àdúrà sí i, díẹ̀ ló kù kó kú.

Lónìí mo bẹ Wòlíì kó wá gbàdúrà sí yàrá náà. Ó wọlé, ó ń wo ògiri tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni mo to kwano mi sí, abọ́ irin tí mo ti ń rà ní ọjà Singer nílẹ̀ Hausa níbí láti ìgbà ìyàwó, mo tò ó kan àjà bí àwọn ìyàwó Hausa ṣe ń ṣe.

“Màmá Títí, irin lẹ fi dínà. Ẹ jẹ́ ká kó o kúrò ná.”

Inú bí mi. Abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò jẹun nínú ẹ̀ rí! Ṣùgbọ́n Wòlíì ti ká ọwọ́ sùtánà, ó ń kó o sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì kó o tán tí Títí fi pè, ọmọ sì ń mira kedere. Mo jó. A ò rántí àdúrà mọ́.

Bàbá Títí ti dé, ó ń bèèrè ibi tóun máa sùn. Mo ní kó lọ bi ọmọ-ọmọ ẹ̀.