Orin Tí Mo Ní Kí O Panu Mọ́ Lórí Rẹ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ojú mi kò yọrí sí rere, dókítà kò sì lè sọ bóyá èyí tó kù yóò ríran títí.

Nígbà tá a ti ọsìbítù délé, ìyá rẹ ń fọ abọ́, ó ń kọrin ìyìn. Mo bi í pé kí ló ń mú inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Bàbá, ojú kan ló kú, Jésù wa ò kú." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá a gbe orin náà.

Mo wá rántí ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tó o ń kọ orin yìí kan náà, tí mo ní kí o panu mọ́, tí mo sì pè ọ́ ní aláìnírònú. Mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí, kí o sì pè wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ká jọ kọ ọ́. Ayọ̀ Olúwa kò ní wọ́n nílé rẹ.

Bàbá rẹ