Àkàbà Tí Kò Tó Òkè

Atìní, 4 oṣù kẹfà, 2012
Toyibat ọmọ ọmọ mi ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Yunifásítì tuntun tó wà ní Ìtẹ̀lé ló ń lọ, ìṣirò ló ń kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan. Àlàmísì yìí ni yóò tún un ṣe. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò lé e.

Àtàláátà, 5
Láti àárọ̀ ló ti ń mì síwá sẹ́yìn lórí ẹní bí ọmọ ilé kéwú tó di wàláà mú. Ìṣirò ló ń há sórí. Ó ní bí wọ́n bá fúnni ní nọ́ńbà tí sáìnì kò lè dé, ìdáhùn yóò ní apá òótọ́ àti apá àfinúrò. Kéèyàn yà wọ́n sọ́tọ̀ niṣẹ́. Mo ní kí ni sáìnì. Ó ka nǹkan gígùn kan. Mo ní, "Kéwú lo ké yẹn. Mo ní kí ni?"
Ó bínú wọlé.

Àlàrùbá, 6
Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ẹ̀yìnkùlé wa ń gbé pátákó wọn kọ́. Yẹ̀kínì kápẹ́ńtà ṣe bísímílà kó tó gun àkàbà. Àwọn tó di àkàbà mú ṣe àmín. Àkàbà kò tó. Toyibat ń wò ó.
Ó ní, "Ìyá àgbà, sáìnì nìyẹn." Ibi tí orí àkàbà dé lára ògiri, kéèyàn fi gígùn àkàbà pín in. Mo ní a jẹ́ pé kò lè ju ẹyọ kan lọ. Ó ní méjì ni ìbéèrè àwọn sọ. Òun a fi àfinúrò sí òdo, kí òótọ́ dá iṣẹ́ náà ṣe — ibẹ̀ lòun máa ń há sí.
Mo ní Yẹ̀kínì na àkàbà tirẹ̀ ṣánṣán ná kó tó sọ pé kò tó. "Na tìrẹ náà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí àfinúrò lọ gbé e."
Ó fa bírò yọ. Ó ṣe ìṣirò náà. Ó ní igun àádọ́rùn-ún, ti àkàbà tó nàró, ni òótọ́ rẹ̀.

Àlàmísì, 7
Ó ti dé. Amos, olùkọ́ wọn, kò bi wọ́n ní sáìnì. Kosáìnì ló bi, pé kó dé ẹẹ́ta. Gbogbo ohun tó há sórí fò lọ. Mo ní àkàbà ńkọ́? Ó ní kosáìnì kò ka gíga. Bí ẹsẹ̀ àkàbà ṣe jìnnà sí ògiri tó ló ń kà. Òun bá tẹ́ ẹ gbalaja sílẹ̀. Òótọ́ di òdo, àfinúrò gbé gbogbo rẹ̀.
Mo ní, òótọ́ tó di òdo? Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun kọ ọ́.
Kò jẹun.

Jímọ́ọ̀, 15
Kò sí èsì.

Atìní, 18
Ó yege. Máàkì méjìléláàádọ́ta. Ó ń sunkún, mo ní kó lọ bọ́jú. Nígbà tó padà dé, mo bi í pé ibo gan-an ni àfinúrò yẹn wà: iwájú ògiri ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀?
"Ìyá àgbà, mi ò mọ̀."
Ọdún mẹ́ta tó ti ń lọ síbẹ̀, n kò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ní kó jókòó, ká jọ wò ó.