Ẹ̀tù Ìbọn Pa Mọ́mì Lẹ́nu Mọ́

Bàbá àgbà, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Peckham, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Ìbàdàn. Màmá àgbà, mo kí yín, ẹ kú àdúrà lórí wa. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ̀yin tí ẹ máa ka lẹ́tà yìí sókè, ẹ má fo ibì kankan o. Mo fẹ́ kí gbogbo ọdẹ tó ń jókòó lọ́dọ̀ Bàbá gbọ́ ọ.

Ara wa le. Òtútù ibí ṣì ń ge etí èèyàn jẹ. Mọ́mì ń ṣe ṣíífútì nílé àwọn arúgbó. Bí mo bá ń jáde ni wọ́n ń wọlé, ilé á wá dá wáí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ bá bàbá òyìnbó kan, Mr Colin, gé koríko ní East Dulwich. Mo rò pé bàbá jẹ́jẹ́ lásán ni. Àṣé ọdẹ ni! Àgbọ̀nrín tó ń jẹ oko àwọn àgbẹ̀ run ní Kent ló ń pa, ọlọ́pàá sì fún un ní ìwé àṣẹ ìbọn.

Bàbá, bíi tiyín gan-an, fúnra rẹ̀ ló ń di kátíríìjì. Bó bá yìnbọn tán, á ṣa èèpo idẹ rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á fi ẹ̀tù àti ọta tuntun sí i. Lọ́jọ́ kan ó tò wọ́n síwájú mi: ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ọ̀kan ìwọ̀nba, ọ̀kan fàkìà-fakia bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ó ní kí n yan èyí tí òun máa fi pa àgbọ̀nrín kékeré kan tí kò ju ẹtu lọ. Kíá, mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ọmọ Peckham ni mí, kí ni mo fẹ́ fi kékeré ṣe? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní etí nìkan la máa rí gbé wálé. Ó ní èyí tó kéré jù á dá ẹran lóró, á sá lọ kú sínú igbó. Èyí tó tóbi jù á ba ẹran jẹ́. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọta tó fẹ́ràn: èyí tó bá ń lu ojú kan náà lára páálí tí wọ́n fi ń dán ìbọn wò ni kéèyàn mú. Mo yan ti ìwọ̀nba. Inú ẹ̀ dùn, ó fún mi ní èèpo idẹ kan tó ti gbó, kí n fi ṣe ìrántí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì rí i lápò ṣòkòtò mi. Bàbá, igbe tí ọmọ yín ké, àwọn ará Stockwell gbọ́ ọ! Wọ́n ní ìbọn ti wọ ilé àwọn, pé àwọn ò bímọ fún ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ju èèpo náà sínú omi ìyè, wọ́n kọrin lé e lórí, wọn ò tilẹ̀ bọ́ sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n fi fà mí wọ bọ́ọ̀sì, pé àwọn ń lọ sọ fún òyìnbó náà pé mi ò ní tẹ ilé ẹ̀ mọ́.

A bá Mr Colin ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ti pa rédíò, ó ń wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n kékeré kan, kò gbójú sókè. Mọ́mì ti la ẹnu. Bàbá, ẹnu yẹn pa dé! Ìyá tó ń bá tẹlifíṣọ̀n jà! Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òpó, wọ́n fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, títí bàbá náà fi wọn ọ̀kan tó kẹ́yìn, tó dé agolo ẹ̀tù pa.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mí. Mr Colin bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn láti dúró jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bàbá àwọn ni. Pé bí ẹ bá ń wọn ẹ̀tù, ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ fọhùn, torí ẹni tó bá ṣi ẹ̀tù wọ̀n lè fi ojú ẹ̀ san án. Wọ́n ní àwọn gan-an ló máa ń di ìdérí mú fún yín. Mọ́mì mi, tí eku ń lé ní kíṣìnnì! Mr Colin dìde, ó fún wọn ní àga. Ìjà tí a gbé wá, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀ mọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá Mr Colin lọ sóko ọdẹ. Wọ́n ní bí n óò bá máa lọ, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, mi ò sì gbọdọ̀ gbé ohunkóhun wálé mọ́, àfi ẹran. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àṣẹ yẹn kò sí lọ́wọ́ àwọn, pé ọwọ́ yín ló wà.

Bàbá, wọ́n máa pè yín lọ́jọ́ Sunday. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tó kúnlẹ̀ tán. Bí ẹ bá ní rárá, màá gbà, màá padà sídìí koríko. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ni mo fi ń yangàn ní gbogbo Peckham Rye. Ní báyìí, ẹ má bínú, Mọ́mì ni.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, àti àwọn ajá ọdẹ yín pàápàá. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ojú yín ò ní ṣú, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń retí ìpè,
Dàpọ̀