Ibi Tí Ẹlẹ́sẹ̀ Máa Gbà

Múṣín, Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà, 1975

Màámi já sí gọ́tà lónìí. Orúnkún wọn bó, ṣùgbọ́n egungun ò kán, mo dúpẹ́.

Wọ́n ń ti ìpàdé àdúrà bọ̀ ní títì tuntun iwájú ilé wa, ni lọ́rí kan bá sún mọ́ wọn jù. Wọn ò ríbi yà sí. Bí ọ̀dà ṣe parí ni gọ́tà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn gọ́tà sì ni ògiri ilé onílé.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ wọn, ni wọ́n bá bi mí pé, "Ṣé títì tí o ní ìwọ lo ya àwòrán rẹ̀ ní ọ́fíìsì nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Ó dáa. Ibo lẹ wá ní kí ẹni tí ò ní mọ́tò máa gbà?"

Wọn ò bínú. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo ya ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́ kí mọ́tò lè ráàyè dáadáa, mo sì pa á rẹ́, mi ò tiẹ̀ jiyàn. Èmi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́!

Títì kan ní Àgùdà ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Lọ́la, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni màá kọ́kọ́ yà kí n tó ya ti mọ́tò. Bí ọ̀gá bá bi mí pé ta ló rán mi, màá ní ìyá mi ni.